Tọkọtaya láti Kétu wá wo Èkó: Ohun tí ojú wọn rí ní Ṣàngótẹ̀dó

A-rìn-jìnnà ni í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Tọkọtaya kan gbéra láti Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n forí lé Ṣàngótẹ̀dó l'Ékòó. Wọn ò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí kọjá abuké. Fàájì ni wọ́n pe ìrìn-àjò náà létí àwọn aládùúgbò. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀.

Ọkọ ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Iṣẹ́ télọ̀ ló fi tọ́ ọmọ, oko ló kù tó ń mójú tó báyìí. Ìyàwó ẹ̀ ń ta gàrí àti èlùbọ́ lọ́jà Kétu. Àkọ́bí wọn ọkùnrin wà ní Ṣàngótẹ̀dó, iṣẹ́ táìsì ló ń ṣe níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ Èkó dáadáa mọ̀ pé àwọn ọmọ Benin àti Tógò lórúkọ nídìí iṣẹ́ yìí. Bí olówó bá ń kọ́lé tuntun, àwọn ni ọ̀pọ̀ máa ń wá kiri.

Ọmọ yìí ló pe bàbá ẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ kan. Ó ní: "Bàbá, ẹ jẹ́ ká ta oko tó wà lọ́nà odò yẹn, ká fi ra pulọ́ọ̀tì kan níbí. Ilẹ̀ ibí ń gbówó lórí lójoojúmọ́. Ilé onílé ni mo ti ń lẹ táìsì sí látọjọ́ yìí, èmi náà fẹ́ lẹ tèmi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ bàbá lára. Díẹ̀ ló kù kó ránṣẹ́ sí ẹni tí yóò ra oko. Ìyàwó ẹ̀ ló ní kó dúró ná.

"Olówó orí mi, oko tí bàbá yín jogún lọ́wọ́ bàbá tiẹ̀, ṣé orí fóònù la ó ti tà á ni? Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó. Bá a bá sì débẹ̀, ẹ ó mú mi rìn káàkiri Èkó. Látọjọ́ tẹ́ ẹ ti gbé mi níyàwó, Kútọnù lòpin ìrìn mi."

Bí ìrìn-àjò náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o.

ẸNUBODÈ TÍ ÒYÌNBÓ FÀ

Wọ́n gba Àjàṣẹ́ dé Kràké, wọ́n sì bọ́ sí Sẹ̀mẹ̀. Níbi tí wọ́n ti tò láti fi ìwé hàn, ìyàwó bi ọkọ ẹ̀ pé: "Èdè kan náà làwọn ará ọ̀hún ń sọ. Kí wá ni okùn tí wọ́n ta sójú ọ̀nà yìí ń ṣe?"

Ọkọ rẹ́rìn-ín. Lọ́dún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó, tí wọ́n pín ilẹ̀ náà láàárín ara wọn. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ọmọ Kétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà yẹn, Kétu fúnra ẹ̀ ti di ahoro, torí àwọn ọmọ ogun Dahomey ti kó o lọ́dún 1886. Kò sẹ́ni tí wọ́n bi léèrè.

Òótọ́ ni pé àdéhùn ECOWAS tọdún 1979 gba ọmọ orílẹ̀-èdè kan láyè láti wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ṣùgbọ́n tọkọtaya yìí ò lè gbàgbé oṣù kẹjọ ọdún 2019, nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè pa. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà. Àárín ìgbà yẹn ni ìyá bàbá kú, tí wọ́n sì sin ín láìsí ọmọ-ọmọ ẹ̀ nídìí sàréè. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì kúrò lọ́kàn ọmọ títí dòní.

Wọ́n sọ̀ ní Àgbádárìgì, wọ́n wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn oníwàásù kọ́ lọ́dún 1845, èyí tí wọ́n ní òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Bàbá fọwọ́ lu pákó àtẹ̀gùn ẹ̀. Ó ní ẹni tó kọ́ ọ ti lọ tipẹ́, pákó ṣì wà.

RELUWÉÈ TÍ KÌ Í YỌ ÈÉFÍN

Ọmọ pàdé wọn ní Mile 2, ó kó wọn wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun tí wọ́n ń pè ní Blue Line, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Kìlómítà 13 ni, ibùdókọ̀ márùn-ún sì ló ní láti Mile 2 dé Marina. Iná mànàmáná ló ń wọ́ ọ. Ìyá di ìjókòó mú gírígírí. "Reluwéè rèé, kò yọ èéfín, kò pariwo. Ṣé ó ń lọ ṣá?" Kó tó dákẹ́, wọ́n ti ń wo omi ọ̀sà lábẹ́ afárá, àwọn ilé gogoro Marina sì ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán.

Láti Marina, ó di inú bọ́ọ̀sì tó ń lọ Ajá. Ajá ni wọ́n ti gbọ́ ẹnu kọ̀ńdọ́: "Ṣàngó o! Ṣàngó! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Bàbá yíjú padà kíá. "Ṣàngó kẹ̀? Níbo ló wà?" Ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣàlàyé fún un pé báwọn èrò ṣe ń gé orúkọ ìlú kúrú nìyẹn. Bàbá mi orí. Ó ní tó bá jẹ́ pé Ṣàngó ló tẹ̀dó síbẹ̀ lóòótọ́, wọn ò gbọdọ̀ purọ́ níbẹ̀. Ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn.

Ṣàngótẹ̀dó wà lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà. Ọ̀sà wà lápá kan, òkun wà lápá kejì, àwọn èèyàn wà láàárín. Ilé ìtajà ńlá tí wọ́n ṣí lọ́dún 2016 dúró níbẹ̀ tó ń dán wàì. Ẹ rìn sẹ́yìn ẹ̀ díẹ̀, ẹ ó rí yẹ̀pẹ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá, ìyá alákàrà, àtàwọn ọmọkùnrin tó ń ti omi nínú kẹ́ẹ̀gì kiri lórí ọmọlanke. "Omi lọ́tùn-ún, omi lósì, ẹ tún ń ra omi!" Ìyá ò mọ bí yóò ṣe gbà á.

WỌ́N JAYÉ LỌ́JỌ́ KAN

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ ò lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n lọ sí Lekki Conservation Centre, igbó hẹ́kítà 78 tí wọ́n dá sí látọdún 1990 nítorí igi àti ẹranko. Afárá olókùn kan wà lókè igi níbẹ̀, 401 mítà ni gígùn ẹ̀, ó sì ń mì bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Bàbá tó ń pe ara ẹ̀ lọ́kùnrin, ìdajì ọ̀nà ló ti di okùn mú tó ní òun ń wo ẹyẹ. Ìyá ti dé òdìkejì, ó ń ju ọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ọ̀bọ kan já ọ̀rá ẹ̀pà gbà lọ́wọ́ ìyá, ó gun igi lọ. Ìyá ní kó máa jẹ ẹ́, ó ṣáà ti bèèrè ju àwọn kan lọ.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọjá sí ilé iṣẹ́ ọnà Olóyè Nikẹ Okundaye, ìyá tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ àdìrẹ. Àwòrán àti ère kún ibẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, wọn kì í sì í gbowó ìwọlé. Bàbá dúró níwájú àwọn ère onígi, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀: pé Kétu làwọn ti gba Gẹ̀lẹ̀dẹ́, pé lọ́dún 2001 ni UNESCO kéde rẹ̀ bí ohun àjogúnbá fún gbogbo ayé. Àwọn ọ̀dọ́ náà dọ̀bálẹ̀ kí i, wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú ẹ̀. Inú ìyá dùn, ó ra àdìrẹ ìró méjì lọ́jà nígbà tí wọ́n ń bọ̀.

Nínú kòròpe tí wọ́n wọ̀ padà, wọ́n kọjá Ìlàsan. Màmá àgbàlagbà kan jókòó tì wọ́n. Ó nawọ́ sí ọ̀nà àdúgbò náà, ó ní: "Ibí ni wọ́n da àwa ará Máròkó sí." Oṣù keje ọdún 1990 ni ìjọba ológun Èkó fi katakata wó Máròkó. Nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún èèyàn, ìyẹn 300,000, ni wọ́n lé jáde. Díẹ̀ nínú wọn rí ilé gbà ní Ìlàsan àti Ìkọ̀tá, àwọn tó kù fọ́n ká. Màmá ní: "A ra ilẹ̀ wa o. A ní rìsíìtì." Ìyá Kétu ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi délé.

ILẸ̀ TÍ WỌ́N FẸ́ RÀ

Lọ́jọ́ kẹta, àjẹ́ńtì gbé wọn lọ wo ilẹ̀. Ó wọ kóòtù, ó ń lo fóònù méjì. Ilẹ̀ náà wà lẹ́yìn ìlú, omi dúró sórí apá kan ẹ̀, wọ́n ti da yanrìn sórí apá kejì. "Bàbá, èyí tẹ́ ẹ rí yìí, góòlù ni. Tẹ́ ẹ bá wo iwájú, Lẹ́kí Port tí wọ́n ṣí lọ́dún 2023 wà lọ́nà ibẹ̀ yẹn, ilé ìfọpo Dangote wà níbẹ̀. Gbogbo ayé ló ń bọ̀ lápá ibí."

Irọ́ kọ́ nìyẹn. Èbúté náà wà, ilé ìfọpo náà wà. Ìyá ṣáà bèèrè ohun kan: "Ìwé ẹ̀ ńkọ́?" Àjẹ́ńtì fi rìsíìtì ẹbí hàn án, ó ní ìwé tó kù ń bọ̀ lọ́nà. Ìyá ní kó fún àwọn ní ọ̀sẹ̀ kan káwọn fi wádìí. Ojú àjẹ́ńtì yí padà. "Màmá, ẹ̀yin èèyàn mẹ́ta ló ń dù ú. Tẹ́ ẹ bá lọ, ẹlòmíì á san án lónìí."

"Kó san án," ni ìyá wí.

Ọmọ bínú. Ó bá ìyá ẹ̀ jiyàn títí wọ́n fi délé. Bàbá onílé ọmọ náà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n, ló pè wọ́n jókòó. Ó ní látìgbà tí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti dé, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lápá Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ni ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé. Àfi èyí tó bá yọ̀ǹda padà fún ẹbí, tó sì kọ ọ́ sínú gásẹ́ẹ̀tì, ni ẹbí lè tà láìsí ẹ̀rù. Rìsíìtì ẹbí nìkan ò lè dúró níwájú katakata. Ó tún rọra fi èyí kún un: òfin Èkó ní àjèjì ò gbọdọ̀ ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà àfi tí gómìnà bá fọwọ́ sí i.

Ara bàbá bù máṣọ. "Èmi ọmọ Kétu, ọmọ Odùduwà! Kí ló sọ mí dàjèjì?"

"Bàbá, òótọ́ lẹ sọ," ni onílé fèsì. "Ṣùgbọ́n Odùduwà kọ́ ló ń tẹ ìwé ìrìnnà."

Ilé pa lọ́lọ́. Ọmọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò mọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án lòun ti ń lẹ táìsì ní Ṣàngótẹ̀dó, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fóun rí. Ìyá ẹ̀ fà á mọ́ra.

Ká má purọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ra ilẹ̀ ní Ṣàngótẹ̀dó tí wọ́n kọ́lé, tí wọ́n ń sùn dáadáa. Àwọn wọ̀nyí ni wọn ò kánjú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ẹ gba ẹ̀dà ìwé sọ́fè ilẹ̀ náà, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Alausa, kí wọ́n wò ó bóyá ilẹ̀ ìjọba ni. Ẹ mú lọ́yà tiyín dání, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Bí ọmọ onílẹ̀ bá ń dúnkookò mọ́ yín, òfin ọdún 2016 wà l'Ékòó tó lòdì sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti òkè òkun tàbí ẹ̀yìn ẹnubodè wá, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí òfin ní kẹ́ ẹ ṣe. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Lọ́jọ́ tí tọkọtaya náà ń lọ, ọmọ sìn wọ́n dé Mile 2. Bàbá di í lọ́wọ́ mú, ó ní: "Oko wà níbẹ̀. Ọjọ́ tó o bá fẹ́ lẹ táìsì sílé tìẹ, wá kọ́ ọ síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní bi ọ́ níwèé." Ọmọ ò dáhùn, ó kàn ń wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó gbéra, ó yọjú sí wọn lójú fèrèsé, ó ní: "Ìyá, ọ̀nà odò yẹn, ṣé mọ́tò tó bá kó sìmẹ́ńtì lè débẹ̀?"

Ìyá fi ìró àdìrẹ nu ojú ẹ̀. Ó ní ó lè débẹ̀.