Wákàtí Mẹ́ta Tí Mo Fi Ń Gbá Bọ́ọ̀lù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá nítorí pé ìṣirò wà nínú ohun tí mo kọ yìí. Ọ̀rọ̀ owó ìdánwò WAEC mi ni.

Puff-puff ni màmá mi ń dín tà. Kílò fúláwà 10 ni agbára wọn ká lójúmọ́. Ike puff-puff kan ń gba kílò 2 àti wákàtí 1, èrè rẹ̀ sì jẹ́ ₦1,000. Ike 5 ni wọ́n ń dín, wọ́n á jèrè ₦5,000. Nígbà tí owó ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, èmi ọ̀mọ̀wé bá ní: "Màámi, chin-chin ni kẹ́ ẹ máa ṣe. ₦1,200 lèrè ike kan, kílò 1 péré ló sì ń gbà."

Wọ́n gbà. Ní Sátidé, àwa méjèèjì jọ ṣe é. Àṣé gígé chin-chin kì í ṣe eré! Wákàtí 2 ni ike kan gbà. Wákàtí 5 tiwọn àti 3 tèmi, àpapọ̀ 8, ike 4 la rí ṣe. Èrè wa jẹ́ ₦4,800. Kílò fúláwà 6 ṣẹ́ kù sílẹ̀, ọwọ́ ń ro wá. Màmá mi ò bínú, wọ́n kàn wò mí. Ìwò yẹn burú ju ìgbájú lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni tíṣà ìṣirò wa bẹ̀rẹ̀ linear programming. Wọ́n ní ká kọ ohun tá a fẹ́ kó pọ̀ jù, ká wá kọ gbogbo ohun tó dè wá lọ́wọ́. Orí mi wú. Mo pe ike puff-puff ní x, mo pe ti chin-chin ní y:

Èrè: 1000x + 1200y
Fúláwà: 2x + y ≤ 10
Wákàtí: x + 2y ≤ 8
x àti y ò gbọ́dọ̀ dín ní òdo.

Mo ya ìlà méjèèjì sórí gíráàfù, mo kun ibi tí gbogbo rẹ̀ ti bára mu. Tíṣà ní orí igun ibẹ̀ la ti máa rí èrè tó pọ̀ jù. Mo yẹ̀ wọ́n wò: (5, 0) mú ₦5,000 wá; (0, 4) mú ₦4,800 wá; (4, 2) mú ₦6,400 wá! Wọ́n ní tí nǹkan tá à ń wá bá ju méjì lọ, gíráàfù ò ní gbà á mọ́. Ìyẹn ni wọ́n ń lo simplex fún, ọ̀nà tí George Dantzig ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1947, tó ń ti igun kan bọ́ sí igun mìíràn títí èrè ò fi ní lè pọ̀ sí i mọ́.

Mo sáré gbé ìwé mi lọ sílé. Màmá mi wò ó, wọ́n ní: "Wákàtí mẹ́jọ tó o kọ yìí, ọwọ́ ta ni?"

Mi ò lè fèsì. Lọ́jọ́ ilé ẹ̀kọ́, àwọn nìkan ni, wákàtí 5 péré. Mo fi 5 rọ́pò 8, mo tún un ṣe. Igun tó dára jù bọ́ sórí (5, 0): puff-puff ike 5, láìsí chin-chin. Ohun tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ gan-an nìyẹn! Màmá mi tí ò fojú kan gíráàfù rí ti wà lórí igun tó dára jù kí n tó dé.

Sátidé nìkan ló yàtọ̀, nítorí wákàtí 3 tèmi. Ó máa ń fi ₦1,400 kún èrè ọjọ́ náà. Bọ́ọ̀lù ni mo sì ti ń fi í gbá láti ọjọ́ yìí wá.

Ní báyìí, gbogbo Sátidé la máa ń ṣe puff-puff ike 4 àti chin-chin ike 2. Owó ìdánwò ò tíì pé, ṣùgbọ́n ó ń sún mọ́ ọn. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kẹ́ ẹ tó kọ́ òbí yín lówò, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó dè wọ́n lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ ẹ̀yin gan-an lẹ máa tú okùn náà.