Ìbẹ̀wò sí Ìlú Fredericksburg

Àwọn àgbà a máa wí pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Òótọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a béèrè pé: odò tí ó rántí orísun rẹ̀ ńkọ́, ǹjẹ́ òun náà lè gbẹ bí? Ìbéèrè yìí ni ìdílé kan bá pàdé ní ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n lọ síbẹ̀ láti fi ọjọ́ méjì sinmi.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni baálé ilé náà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde sì ni ìyàwó rẹ̀. Ó ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti ń gbé ní Houston, ìlú ńlá kan ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ọmọkùnrin wọn sí, ẹni ọdún méjìlá. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá. Bí ìyá rẹ̀ bá ní kí ó lọ bu omi wá, yóò lọ bù ú. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi dáhùn. Bàbá rẹ̀ kò ka èyí sí nǹkan bàbàrà. A máa wí pé, "Bí ó bá dàgbà, yóò sọ ọ́."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Òkúdù, wọ́n wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Lẹ́yìn ìrìn wákàtí mélòó kan, wọ́n dé àárín àwọn òkè kéékèèké, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń ta píìṣì lẹ́bàá ọ̀nà. Èso rìbìtì ni píìṣì. Omi inú rẹ̀ dùn, irun wẹ́wẹ́ sì wà ní ara èèpo rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi wọ ìlú Fredericksburg. Ní ọdún 2020 tí a ka àwọn ènìyàn Amẹ́ríkà, àwọn ará ìlú náà kò pé 11,000, ṣùgbọ́n àwọn àlejò ń wọ́ tìrítìrí níbẹ̀.

Òpópónà gbọọrọ kan ni ó la ìlú náà já. Wọ́n fi í sílẹ̀ kí ó fẹ̀, kí kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà lè rí àyè yí padà. Orúkọ méjì ni ó ń jẹ́: ọ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì, èkejì ní èdè Jámánì, èyí ni Hauptstraße. "Willkommen" ni a kọ sí iwájú àwọn ìsọ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "ẹ káàbọ̀." Òórùn sọ́séèjì àti kábéèjì kíkan gba inú afẹ́fẹ́ kan.

Báwo ni àwọn ará Jámánì ṣe dé ibẹ̀? Ní ọdún 1842, àwọn ìjòyè kan ní ilẹ̀ Jámánì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti kó àwọn ènìyàn lọ tẹ̀dó sí Texas. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó bá ọkọ̀ ojú omi lọ, ṣùgbọ́n àìsàn pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ní etíkun kí wọ́n tó rí ibi tí wọn yóò kọ́lé sí. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Èbìbì ọdún 1846, àwọn bí 120 dé ibi tí Fredericksburg wà lónìí. Olórí wọn ni John Meusebach, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ìjòyè ní Jámánì, tí ó sì bọ́ oyè náà sílẹ̀ nígbà tí ó dé Texas. Ìjọba àwọn Comanche ni agbègbè náà wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Ní ọdún 1847, Meusebach lọ bá àwọn olórí Comanche lẹ́bàá odò San Saba, wọ́n sì jọ ṣe àdéhùn pé àwọn àjèjì yóò fún wọn ní ẹ̀bùn tí iye rẹ̀ tó dọ́là 3,000, àti pé ọ̀tún àti òsì yóò máa gbé pọ̀ ní àlàáfíà. Àdéhùn yìí wà lára ìwọ̀nba díẹ̀ tí àwọn aláwọ̀ funfun àti àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà kò dà.

Bí ìdílé náà ti ń rìn, wọ́n rí àwọn ilé kéékèèké tí a ń pè ní Ilé Ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn jìnnà ni ó kọ́ wọn. Ní Sátidé wọn a wá ná ọjà, wọn a sùn síbẹ̀, wọn a sì lọ sí ilé ìjọsìn ní ọjọ́ kejì. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, nítorí ó rántí àwọn Ẹ̀gbá tí ń gbé ní abà, tí wọ́n sì ní ilé ní Abẹ́òkúta tí wọ́n ń bọ̀ wá sí nígbà ọdún.

Ní àárín ìlú ni ilé kan wà tí ó ní igun mẹ́jọ. Nítorí ìrísí rẹ̀, àwọn ènìyàn fi í wé ẹ̀rọ tí a fi ń lọ kọfí. Ní 1847 ni a kọ́ irú rẹ̀ àkọ́kọ́, òun ni ilé ìjọsìn àti ilé-ìwé. Wọ́n wó o ní 1897. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n tún irú rẹ̀ kọ́.

Bàbá arúgbó kan jókòó sí orí àga lẹ́bàá ibẹ̀. Wọ́n kí i, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀. Baálé ilé náà yin ìlú náà pé àwọn ará ibẹ̀ kò gbàgbé ilé.

Arúgbó náà mi orí. Ó ní, "Ilé tí ó wó ṣeé tún kọ́. Èdè ńkọ́? Ní 1918, nígbà tí Amẹ́ríkà ń bá Jámánì jagun, ìjọba Texas ṣe òfin pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé ìjọba. Síbẹ̀, àwọn òbí mi ń sọ Jámánì fún mi nínú ilé. Èmi ni n kò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi. Mo ní kí a má baà fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì ní bí wọ́n bá dàgbà, wọn yóò kọ́ ọ. Wọ́n ti dàgbà. Àwọn ọmọ wọn a máa wọ aṣọ Jámánì ní ọjọ́ ọdún, wọn a sì máa ta sọ́séèjì fún àlejò, ṣùgbọ́n bí mo bá fi èdè mi kí wọn, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Àwọn ọ̀mọ̀wé láti yunifásítì tí ó wà ní Austin ti ń gba ohùn irú àwa wọ̀nyí sílẹ̀ láti 2001. Ẹ̀rọ ni ó kù tí ń gbọ́ mi."

Ọkọ̀ òfuurufú kan ń kọjá lọ lókè. Arúgbó náà nàka sí i, ó ní, "Luftschiff ni àwa ará Texas ń pe ìyẹn: ọkọ̀ inú afẹ́fẹ́. Àwọn ará Jámánì ti òde òní ní orúkọ mìíràn fún un. Kí ni ẹ̀yin ń pè é?"

Kí bàbá tó lanu, ọmọ rẹ̀ ti dáhùn pé, "Ọkọ̀ òfuurufú."

Arúgbó náà wo ọmọ náà títí. Ó ní, "Ọkọ̀ kan náà ni. Má ṣe jẹ́ kí tìrẹ já bọ́."

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìyá sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Bàbá rẹ̀, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí arúgbó yẹn sọ? 'Bí wọ́n bá dàgbà.' Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni." Ọkọ rẹ̀ kò fèsì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọ́n gbádùn àrà kan tí ìlú náà fi òpópónà dá. Bí ènìyàn bá ti àárín ìlú lọ sí ìlà-oòrùn, tí ó ń ka lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ àwọn òpópónà tí ó dábùú ọ̀nà, wọn yóò parapọ̀ sọ pé gbogbo ènìyàn ni a kí káàbọ̀. Bí ó bá sì lọ sí ìwọ̀-oòrùn, wọn yóò sọ pé, "Ẹ padà wá." Ọmọ náà ka méjèèjì, ó sì wí pé, "Gẹ̀ẹ́sì ni méjèèjì."

Bàbá rẹ̀ dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó mú tẹlifóònù, tí ó pe ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó sì gbé e fún ọmọ rẹ̀.

Ọmọ náà wí pé, "Ẹ káàárọ̀, mà."

Ìyá rẹ̀ sọ sí i létí pé, "Ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ wọn."

Ọmọ náà tún ohùn rẹ̀ ṣe, ó ní, "Ẹ káàsán, mà. Èmi ni. A rí ìlú kan."

Kò sí ohùn fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ìyá àgbà yóò sọ̀rọ̀, ó ní, "Ọmọ mi, tún un sọ, kí n gbọ́."