Ìlú Tí Kò Fi Ìtàn Rẹ̀ Pamọ́: Mẹ́rin Nínú Àwọn Ìlú Amẹ́ríkà Tí Ó Yẹ Kí Àlejò Dé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò máa sọ pé kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Yorùbá ni ó ti dé oko Amẹ́ríkà tí wọn kò sì rí i. Ìyá tí ó lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin wẹ ọmọ tuntun yóò lo oṣù mẹ́ta ní Houston tàbí ní Maryland: láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì, láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ilé ìtajà, láti ilé ìtajà padà sí ilé. Nígbà tí ó bá padà dé, àpótí rẹ̀ yóò kún fún bàtà àti aṣọ. Àwọn aládùúgbò yóò sì bi í pé, "Màmá, báwo ni Amẹ́ríkà ṣe rí?" Ìdáhùn rẹ̀ kì í ju pé ọ̀nà wọn dára, iná wọn kì í lọ, òtútù wọn sì pọ̀.

Kì í ṣe ẹ̀bi irú ìyá bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, kì í ṣe fún ẹsẹ̀ ènìyàn. Ẹni tí kò bá lè wakọ̀ níbẹ̀, bí ẹlẹ́wọ̀n inú ilé ni ó rí. Síbẹ̀, àwọn ìlú kan wà tí àlejò lè fi ẹsẹ̀ rìn, tí ó sì lè fi owó díẹ̀ rí ohun tí ojú rẹ̀ kò rí rí. Kì í ṣe gíga ilé tàbí títàn iná ni ó pa àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ pọ̀. Wọn kì í fi ìtàn wọn pamọ́, ìbáà ṣe èyí tí ó dùn ún gbọ́, ìbáà ṣe èyí tí ń ti ni lójú. Mẹ́rin nínú wọn ni Chicago, New Orleans, New York àti Washington.

Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Bí òwe yìí ṣe ṣẹ mọ́ Chicago lára nìyẹn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1871, iná ńlá kan jó àárín gbùngbùn ìlú náà. Ó pa nǹkan bíi 300 ènìyàn, ó sì sọ nǹkan bíi 100,000 di aláìnílé. Orí eérú yẹn ni àwọn ayàwòrán ilé ti dán ọgbọ́n tuntun wò. Ní ọdún 1885, wọ́n parí ilé alájà 10 kan tí irin jẹ́ egungun rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ òpìtàn ń pè ní baba àwọn ilé awòṣífìlà gbogbo. Willis Tower, tí ó ní àjà 110, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Àlejò tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú omi lórí odò Chicago yóò gba àárín irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ kọjá. Odò náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìyanu. Ní ọdún 1900, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ yí ìṣàn rẹ̀ padà kí ó má baà wọ inú adágún Michigan mọ́, nítorí pé ẹ̀gbin ìlú tí ó ń gbé lọ ń ba omi mímu wọn jẹ́.

Etí adágún yẹn ni ọrọ̀ tí tálákà àti olówó jọ ń jẹ ní Chicago. Omi náà fẹ̀ débi pé ojú kì í tó òdìkejì rẹ̀, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ tí ó tó kìlómítà 29 sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òpópónà ńlá tí ó wà níbẹ̀ ń jẹ́ orúkọ Jean Baptiste Point du Sable, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ó kọ́kọ́ wá tẹ̀dó síbẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, tí ó sì fẹ́ ọmọ àwọn onílẹ̀, àwọn Potawatomi. Ọdún 2021 ni ìgbìmọ̀ ìlú tó fi orúkọ rẹ̀ kún orúkọ ọ̀nà náà. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é.

Ohun tí ó yẹ kí ó mú Yorùbá dá ẹsẹ̀ dúró jù ní Chicago wà lọ́wọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ń pè ní Art Institute. Òpó igi kan ni, tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ láàárín ọdún 1910 sí 1914 fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ọba jókòó sórí ìtẹ́, olorì àgbà sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga ju ọba lọ, bí ẹni pé òun gan-an ni ó gbé ìtẹ́ náà ró. Ẹni tí kò mọ Èkìtì rárá yóò wo òpó yìí, yóò sì mọ̀ pé àwọn tí ó ni ín mọ ohun tí à ń pè ní ìjọba.

Bí Chicago bá jẹ́ ìlú ojú, New Orleans jẹ́ ìlú etí àti ẹnu. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ ọ́n mọ orin jazz, ṣùgbọ́n ibi tí orin náà ti ta gbòǹgbò ni ó yẹ kí àlejò kọ́kọ́ lọ. Pápá kan ni, Congo Square ni orúkọ rẹ̀. Ní ayé òwò ẹrú, ọjọ́ Àìkú nìkan ni àwọn ẹrú ìlú náà ní fún ara wọn, wọn a sì péjọ láti lùlù, láti jó, àti láti ta ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Ní ọdún 1817, àwọn aláṣẹ ìlú pàṣẹ pé ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ti lè máa ṣe é, ibẹ̀ sì ni pápá yìí. Ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn ní Amẹ́ríkà, òfin ti pa ìlù lẹ́nu mọ́. Níbí, ìlù kò dákẹ́. Louis Armstrong, tí wọ́n bí ní ìlú náà ní ọdún 1901, ni wọ́n fi sọ ọgbà tí ó yí pápá náà ká lórúkọ.

Yorùbá tí ó bá pàdé ìsìnkú ní òpópónà New Orleans lè rò pé òun ti dé ilé. Àwọn afunfèrè yóò tẹ̀lé pósí pẹ̀lú orin tí ó lọ́ra, tí ó kún fún ìbànújẹ́. Bí wọ́n bá ti yọwọ́ nínú òkú tán, ìlù yóò yí padà, èrò yóò tẹ̀lé wọn, ijó yóò sì bẹ́ sílẹ̀. Àwọn tí ń ṣe òkú àgbà mọ ìtumọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé. Àwọn ilé tóóró wà níbẹ̀ pẹ̀lú, oníyàrá kan ní fífẹ̀, tí yàrá tẹ̀lé yàrá láti iwájú dé ẹ̀yìn. Onímọ̀ kan, John Michael Vlach, tọ ipasẹ̀ wọn gba Haiti dé ilẹ̀ Yorùbá. Ọbẹ̀ gumbo tí ìlú náà fi ń ṣe fáárí, orúkọ ilá ní èdè àwọn ará Áfíríkà àárín ni wọ́n sọ pé ó ti wá. Beignet tí wọ́n ń bu ṣúgà lé lórí, tí wọ́n sì fi ń mu kọfí, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jẹ pọ́fùpọ́fù rí yóò mọ̀ pé ìbátan ni wọ́n. Àlejò tí ó bá jẹun tán lè wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré tí ń gba St. Charles Avenue, ọ̀nà tí ọkọ̀ irú rẹ̀ ti ń ná láti ọdún 1835.

Ìlú yìí kan náà ni ọjà ẹrú rẹ̀ tóbi jù ní Amẹ́ríkà kí ogun abẹ́lé wọn tó bẹ́. Òun náà ni ìjì líle Katrina bá jà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2005, tí ògiri ìdènà omi ya, tí omi sì bo nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀. Àmì wà ní àárín ìlú níbi tí wọ́n ti ta ènìyàn, àfihàn sì wà nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nípa ìjì náà. Wọn kò dúró de ìgbà tí ojú yóò gbàgbé.

New York kò nílò ìpolówó. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1904, ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ọkọ̀ ojú omi Staten Island kì í gba kọ́bọ̀, ó sì ń kọjá níwájú ère Òmìnira. Ṣùgbọ́n ní apá ìsàlẹ̀ Manhattan, láàárín àwọn ilé ìjọba, ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í yà sí. Ní ọdún 1991, nígbà tí wọ́n ń wa ilẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, wọ́n kan egungun. Itẹ́ òkú àwọn ọmọ Áfíríkà ni, ẹrú àti ọmọlúwàbí tí ó ti gba òmìnira, tí wọ́n ti ń sin síbẹ̀ títí dé ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Obìnrin kan wà nínú wọn tí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà fi ẹ̀hónú hàn, ìjọba sì yí àwòrán ilé náà padà. Ní ọdún 2003, wọ́n tún òkú 419 sin pẹ̀lú ẹ̀yẹ. Ní ọdún 2006, ibẹ̀ di ìrántí orílẹ̀-èdè. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé.

Washington ni ó dára jù fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ Amẹ́ríkà rí, James Smithson, ni ó fi ogún rẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n fi dá Smithsonian sílẹ̀ ní ọdún 1846. Títí di òní, àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀ tí ó wà ní ìlú náà kì í gba owó ìwọlé. Bí àlejò bá dé ní ìparí oṣù Kẹta tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, yóò bá òdòdó igi ṣẹ́rì tí ìlú Tokyo fi ta wọ́n lọ́rẹ ní ọdún 1912.

Ilé ìtàn àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, dúró nítòsí ọwọ̀n ìrántí George Washington, Ààrẹ àkọ́kọ́ tí òun náà ní ẹrú. David Adjaye, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ghana, ni aṣáájú nínú àwọn tí ó ya àwòrán ilé náà. Àjà mẹ́ta rẹ̀ ń fẹ̀ bí ó ti ń gòkè, bí adé. Ibi tí wọ́n ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀ ni òpó Yorùbá, iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ kan náà. Iṣẹ́ ọnà irin tí àwọn ẹrú rọ ní New Orleans ni ó wà lára ohun tí wọ́n wò ṣe àwọ̀ ara rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni àlejò yóò ti bẹ̀rẹ̀, láàárín ìtàn òwò ẹrú, kí ó tó máa gun òkè bọ̀ síbi ìmọ́lẹ̀.

Àwọn ìlú wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀run. Òtútù Chicago kì í ṣe ti ẹni tí kò ní ẹ̀wù tí ó nípọn, iye tí ilé ìtura ń gbà ní New York lè mú ni sùn sórí àga, ìyàtọ̀ àárín àdúgbò olówó àti ti tálákà sì hàn kedere nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìrántí pàápàá kò ní ààbò tí ó dájú. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump fi ọwọ́ sí àṣẹ kan tí ó dojú kọ ohun tí Smithsonian ń fi han àwùjọ, ó sì dárúkọ ilé àwọn aláwọ̀ dúdú yìí. Ìtàn tí ó wà ní gbangba lónìí lè di ohun ìpamọ́ lọ́la, bí àwọn tí ó ni ín kò bá dúró tì í.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tí ó bá fẹ́ rí òpó ààfin baba rẹ̀ nílò ìwé àṣẹ ìwọ̀lú òyìnbó. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé, ṣùgbọ́n ohun tí onílé bá gbé bọ̀ ni ó ń sọ irú àjò tí ó rìn. Bí ìyá tí ó lọ wẹ ọmọ bá rí ọjọ́ kan péré lò ní ọ̀kan nínú àwọn ìlú wọ̀nyí, nígbà tí àwọn aládùúgbò bá bi í bí Amẹ́ríkà ṣe rí, yóò ní ohun mìíràn láti sọ ju òtútù lọ. Yóò sọ pé òun rí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ Èkìtì níbẹ̀, tí wọ́n tọ́jú bí ẹyin ojú. Lẹ́yìn náà ni òun náà yóò wá béèrè lọ́wọ́ wọn pé, kí ni àlejò yóò bá bí ó bá wá wo tiwa?