Ọkọ̀ Ọjọ́ Kan sí Etí Òkun Wídà

ÌJÍO, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

ẸGBỌ́N: Wọ́n ní o háyà mọ́tò ní Kútọnu, o sì fi odidi ọjọ́ kan rìn létí òkun. Ṣé kò sí bọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún ni?

ÀBÚRÒ: Bọ́ọ̀sì wà, ẹ̀gbọ́n mi. Títì ńlá ni bọ́ọ̀sì ń gbà, ohun tí mo fẹ́ rí kò sí níbẹ̀. Ọ̀nà kan wà láti Fidjrossè, ní ìpẹ̀kun Kútọnu, tó ń bá etí omi lọ títí dé Wídà, nǹkan bíi 40 kìlómítà. Ọ̀nà Àwọn Apẹja ni wọ́n ń pè é. Òkun wà lápá òsì yín, igi àgbọn wà lápá ọ̀tún, ẹ ó sì máa rí ogunlọ́gọ̀ ọkùnrin tí wọ́n di okùn kan ṣoṣo mú, tí wọ́n ń fa àwọ̀n jáde láti inú omi.

ẸGBỌ́N: Ìwọ lo wà á?

ÀBÚRÒ: Rárá o. Mo gba awakọ̀ mọ́ ọn. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà bíi tiwa, àmọ́ Faransé ni ọlọ́pàá ojú ọ̀nà ń sọ, èmi ò sì gbọ́ ọ. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni awakọ̀ mi, Yorùbá dá lẹ́nu rẹ̀ ṣáká. Ẹni tó bá fẹ́ fúnra rẹ̀ wà á, wọ́n á wo láísẹ́ǹsì rẹ̀, wọ́n á sì gba owó ìdógò.

ẸGBỌ́N: Wọn ò rẹ́ ọ jẹ?

ÀBÚRÒ: A ti sọ gbogbo rẹ̀ kí n tó wọlé jókòó: ta ló máa ra epo, ta ló máa bọ́ awakọ̀, aago mélòó la gbọ́dọ̀ padà. Mo fi fóònù ya gbogbo ibi tó ti họ àti ibi tó ti tẹ̀ lára ọkọ̀ náà, níṣojú ẹni tó ni ín. Mo sì ní iléepo gidi ni ká ti rà, kì í ṣe epo inú ìgò tí wọ́n ń pè ní kpayo.

ẸGBỌ́N: Epo tiwa nìyẹn, tó ń gba ẹnubodè kọjá.

ÀBÚRÒ: Òun ni. Nígbà tí ìjọba wa yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, ẹ̀dùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn kíákíá, kpayo wọ́n gógó.

ẸGBỌ́N: Ọ̀rọ̀ Wídà yẹn gan-an kì í dùn mọ́ mi. Kí ni mo fẹ́ lọ wò níbi tí Dàhómì ti ta àwọn baba wa?

ÀBÚRÒ: Ìdí tí mo fi lọ gan-an nìyẹn. Òótọ́ ni pé wọ́n kó wa. 1886 ni wọ́n pa Kétu run. Àmọ́ àwa Ọ̀yọ́ náà tà, ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbà kan wà tó jẹ́ Dàhómì ló ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́-Ilé, títí Gèzo, ọba Dàhómì, fi kọ̀ ọ́ ní àwọn ọdún 1820. Ní gbogbo ìgbà yẹn, Ọ̀yọ́ ń kó ẹrú lọ sí etí òkun, Àjàṣẹ́ pàápàá. Mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ wa gbọ́ apá kan kí wọ́n má gbọ́ èkejì.

ẸGBỌ́N: Ọ̀rọ̀ ńlá lo sọ yẹn.

ÀBÚRÒ: Ẹ gbọ́ ti Oluale Kossola. Ọmọ Yorùbá ni, láti agbègbè Bàǹtẹ̀. 1860 ni àwọn ọmọ ogun Dàhómì mú un, kò tíì tó ọmọ ogún ọdún. Wọ́n tì í mọ́lé ní Wídà fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n tó fi ọkọ̀ Clotilda gbé òun àti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ sí Alabama. Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọ̀lú láti 1808! Nígbà tí wọ́n dòmìnira, ilé ni wọ́n fẹ́ padà sí, owó ọkọ̀ ni kò sí. Wọ́n dá ìlú tiwọn sílẹ̀ níbẹ̀, Africatown. Kossola kú ní 1935.

ẸGBỌ́N: Owó ọkọ̀!

ÀBÚRÒ: Ó dùn mí gan-an. Mo ní kí awakọ̀ sọ̀ mí sílẹ̀ níbi ọjà ẹrú àtijọ́, kó lọ dúró dè mí létí òkun. Mo fẹsẹ̀ rin ọ̀nà tí wọ́n rìn, ó tó kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin, dé ẹnu ọ̀nà ńlá tí wọ́n kọ́ ní 1995, Ẹnu Ọ̀nà Àìpadà. Wọ́n ya àwọn tí a dè sí i lára. Bọ́ọ̀sì wo ló máa dúró dè mí fún ìyẹn?

ẸGBỌ́N: O lúwẹ̀ẹ́?

ÀBÚRÒ: Ẹ má dán an wò. Omi yẹn a máa fa ènìyàn láti ìsàlẹ̀. Mo wẹsẹ̀, ó tán.

ẸGBỌ́N: Ènìyàn mélòó ni mọ́tò yẹn gbà?

ÀBÚRÒ: Mẹ́rin, yàtọ̀ sí awakọ̀. Kí oníkálukú mú ìwé ìrìnnà dání; ECOWAS fún wa láyè 90 ọjọ́ láìgba físà. Ká má kàn lọ ní 10 January, ọdún Vodun ni, èrò á ti kún gbogbo ibẹ̀.

ẸGBỌ́N: Ká kó kajú tán ná. Ìyàwó mi ló máa jókòó síwájú o. Ọkọ̀ máa ń dà á láàmú lẹ́yìn.