Ìró Ọwọ́ Lára Ògiri

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ènìyàn ni aṣọ mi. Òkùnkùn Abakpa Nike ni ó túmọ̀ òwe yìí fún mi.

Iṣẹ́ ológun ni ó gbé bàbá mi dé ìlú Enugu. Ní ọdún 2010, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, yàrá kan ni a háyà ní Abakpa Nike, kò jìnnà sí bárékè. Bí iná mọ̀nàmọ́ná bá ti lọ lóru, àyà mi a máa já. Ìyá àgbà ti sọ fún mi nípa egbére tí í ká ẹní sí abíyá, tí í sì í sunkún kiri. Nítorí náà, bí ológbò bá ké lẹ́yìn fèrèsé, egbére ti dé nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ìgbò kan, ń gbé yàrá kejì. Eégún òru ni ó ń já òun láyà. A ṣe àdéhùn pé ẹni tí ẹ̀rù bá bà nínú wa yóò kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì, ẹnì kejì yóò sì dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mejì. Bí òun kò tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá, ìró yìí kò fẹ́ ògbufọ̀. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, oorun a gbé mi lọ.

Ní òru ọjọ́ kan, ó kàn án, èmi kò dáhùn. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó jí, mo sì ń bẹ̀rù pé yóò fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀rẹ́ mi kàn án títí, ó sì dákẹ́. Ní òwúrọ̀, ó wí pé òun kò fi ojú ba oorun. Títí di òní olónìí ni ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí.

Ní Enugu yìí kan náà ni ilé ìtẹ̀wé Nwamife ti tẹ How the Leopard Got His Claws jáde ní ọdún 1972, ìwé alálàwòrán tí Chinua Achebe àti John Iroaganachi kọ fún àwọn ọmọdé. Nínú rẹ̀, ajá eléyín mímú lé àwọn ẹranko kúrò nínú ilé tí wọ́n jọ kọ́. Nígbà tí ẹkùn ní kí wọ́n jọ dojú kọ ọ́, ẹ̀rù mú kí wọ́n fi í sílẹ̀. Mo mọ irú wọn. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọdún tí ó kọjá, nígbà tí mo lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ kọ́ra, mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ẹni tí ẹ̀rù òru ń bà. Ẹnikẹ́ni kò nawọ́. Mo wá sọ ìtàn ògiri náà, n kò sì fi ìwà ojo mi pamọ́. Kí n tó parí rẹ̀, ọwọ́ ti kún inú kíláàsì. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ya àwòrán sí ojú ewé mẹ́jọ, mo sì rán an pọ̀ di ìwé. Ní ojú ewé ìkẹyìn, òkùnkùn kò tíì lọ, egbére kò sì kú. Ọwọ́ méjì ni ó wà lára ògiri, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Nígbà tí mo kà á dé ibẹ̀, gbogbo àwọn ọmọ náà kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì. Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n ṣe é.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, bí ọmọ bá wí fún wa pé ẹ̀rù òru ń ba òun, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi í rẹ́rìn-ín, ẹ má sì jẹ́ kí a fi egbére halẹ̀ mọ́ ọn. Ó ń kan ògiri ni. Ẹ jẹ́ kí a dá a lóhùn.