Bí Ìwé Ọjà Mi Ṣe Gòkè Lọ sí Àwọsánmà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ohun tí mo lè fi yangàn, nítorí mo ṣẹ ọmọ ọlọ́mọ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ṣọ́ọ̀bù méjì, tí a sì fi ọmọ ẹbí jókòó sí ọ̀kan. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n sọ ọ́.

Ìrẹsì, ṣúgà, mílíìkì àti tòmátò inú agolo ni mo ń tà. Ìkọ̀tún ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Ọlọ́run fi ìbùkún sí i, mo gba ṣọ́ọ̀bù kejì sí Ìgàndó, mo sì fi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin síbẹ̀. Láti Ìwó ni wọ́n ti rán an wá sọ́dọ̀ mi. Ọmọ tó ń kírun ni, kì í sì í rojú síṣẹ́.

Ní ọdún 2015, bàbá àwọn ọmọ mi ní kí n yé fi ìwé àti bírò ṣe ìṣirò mọ́. A lọ sí Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà, a ra kọ̀ǹpútà méjì, a sì san owó ètò ìṣirò ọjà tó wà nínú àwo sídì kan. Ẹni tó tà á fún wa fi í sínú kọ̀ǹpútà méjèèjì, ó kọ́ wa bí a ti ń tajà lórí rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Inú mi dùn púpọ̀! Bí a bá ta páálí mílíìkì kan, kọ̀ǹpútà á yọ ọ́ kúrò nínú ọjà tó wà nílẹ̀, á sì tẹ rìsíìtì. Àwọn oníbàárà ń wò mí bí ìyàwó Òyìnbó.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà Ìkọ̀tún kò mọ ohun tí ti Ìgàndó ń ṣe. Ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò kọjá inú àpótí rẹ̀. Bí ṣúgà bá tán ní Ìkọ̀tún, èmi a tẹ ọmọ yìí láago pé kí ó fi páálí mẹ́wàá ránṣẹ́ nínú kẹ̀kẹ́. Òun a kó o wá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí a ṣe ń yọ irú ọjà bẹ́ẹ̀ kúrò nínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ní Ìkọ̀tún, ọmọbìnrin tó wà lọ́dọ̀ mi a kọ ọ́ bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni, kí kọ̀ǹpútà má bàa sọ pé kò sí ṣúgà nílẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, a ka ọjà. Ìgàndó dín ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 640 náírà. Mo pe ọmọ náà. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ ní kí n máa kó o wá sí Ìkọ̀tún.” Mo ní kọ̀ǹpútà kì í purọ́. Mo dá a padà sí Ìwó. Lálẹ́ ọjọ́ náà ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ mí láago, ó ní, “Ìwọ tí mo pọ̀n dàgbà, ọmọ mi lo pè lólè?” N kò rí èsì fọ̀.

Ní ọdún 2020, iná dé lójijì pẹ̀lú agbára tó pọ̀jù, ó sì jó kọ̀ǹpútà Ìkọ̀tún. Gbogbo orúkọ àwọn tó jẹ mí lówó wà nínú rẹ̀. Ọlọ́run pàṣẹ nínú Súrátùl-Bákárà, ẹsẹ 282, pé kí á máa kọ gbèsè sílẹ̀. Mo kọ ọ́ o, ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo ni mo kọ ọ́ sí. Àwọn olóòótọ́ wá san tiwọn. Àwọn yòókù ń kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín lọ́nà mọ́ṣáláṣí títí di òní.

Ọmọ mi obìnrin tó kọ́ ìṣirò owó ní yunifásítì ló là mí lóye. Ó ní ní ọdún 1972 àwọn ọkùnrin márùn-ún kan fi ilé-iṣẹ́ IBM sílẹ̀ ní Jámánì, wọ́n dá SAP sílẹ̀, láti máa ṣe ètò tó ń kó owó, ọjà àti òṣìṣẹ́ jọ sójú kan. Ilé-iṣẹ́ ńláńlá ló ń lò ó nígbà náà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kéékèèké dé, irú ètò bẹ́ẹ̀ wọ inú àwo. Ní 1998 àti 1999, wọ́n dá NetSuite àti Salesforce sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà: wọ́n ní kí oníṣòwò má ra ètò mọ́, kí ó máa háyà rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí àwa ti ń háyà àga àti kánópì fún ìnáwó. Nígbà tó di 2006, Amazon ti ń fi kọ̀ǹpútà ńláńlá rẹ̀ háyà fún ẹni tó bá lè sanwó. Èyí ni wọ́n ń pè ní àwọsánmà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ilẹ̀ ni àwọn kọ̀ǹpútà náà wà, nínú ilé tí a kò rí. Ó di 2001 kí fóònù GSM tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì di 2010 kí okùn MainOne tó gba abẹ́ òkun láti ilẹ̀ Pọtogí wá sí Èkó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ní ọdún 2021 a gbà láti háyà tiwa. Kí ọmọ mi tó bẹ̀rẹ̀, ó ní òun fẹ́ wo ìṣirò àtijọ́. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù láti Ìkọ̀tún ni èyí tí a dà sórí fáláàṣì nígbà tí a ń ka ọjà ní 2018. Nínú dúrọ́ọ̀ Ìgàndó, ó rí ìwé ìkọ̀wé kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti kọ gbogbo páálí tó fi ránṣẹ́ sínú rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti owó tó fún oníkẹ̀kẹ́. Ó fi í wé ọjà tí kọ̀ǹpútà Ìkọ̀tún sọ pé a rà, èyí tí kò ní rìsíìtì ẹnikẹ́ni. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 628,500 náírà. Èyí tó kù, eku ló jẹ ẹ́.

Mo wọkọ̀ lọ sí Ìwó lọ́jọ́ kejì. Mo kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Àǹtí mi, ó ti tán.” Ṣùgbọ́n kò bá mi padà. Ó ti ń kọ́ṣẹ́ iná mànàmáná.

Nísinsìnyí, bí a bá ta páálí kan ní Ìgàndó, mo ń rí i lórí fóònù mi ní Ìkọ̀tún, bí mo tilẹ̀ wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Bí ọjà bá lọ láti ṣọ́ọ̀bù kan sí èkejì, a máa dín níhìn-ín, a sì máa lé lọ́hùn-ún, orúkọ ẹni tó kó o sì máa hàn. Síbẹ̀, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Dọ́là ni ilé-iṣẹ́ tí a kọ́kọ́ lò ń gbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bí 460 náírà lọ ní báńkì. Nígbà tó fi di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti ju 1,500 lọ. A sá kúrò níbẹ̀, a lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba náírà.

Ní ọjọ́ Àlàmísì, ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì, àwọn okùn abẹ́ òkun já lẹ́bàá etíkun Ivory Coast, MainOne wà lára wọn. Ìwé wa kò ṣí. Tíránsífà kò wọlé. Àwọn ènìyàn sì tò síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń wá ṣúgà àti dàbínù tí wọn yóò fi ṣínu. Mo mú ìwé ìkọ̀wé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jáde, nítorí ojú ewé kù nínú rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ.

Ó tẹ̀ mí láago lẹ́yìn ìṣínu, ó ti gbọ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì já. Mo sọ ohun tí mo ń kọ sí fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àǹtí mi, ẹ kọ ti Ìgàndó sí ojú ewé ọ̀tọ̀ o.” Mo ṣí ojú ewé mìíràn.