Láàárín Yàrà àti Yàrá

Ọjọ́ tí ó gbẹ̀yìn ìsinmi wa ní Kétu ni a yà sọ́tọ̀ láti fi ẹsẹ̀ tọ yàrà ìlú. Àwa méje ni a jáde kí oòrùn tó mú: àwa tọkọtaya, àwọn ọmọ wa mẹ́ta, àbúrò wa ọkùnrin tí ó ń gbé inú ilé bàbá wa, àti ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà. Kì í ṣe ìgbafẹ́ nìkan ni a bá jáde. Ẹ̀yìnkùlé bàbá wa bá yàrà náà pààlà, àbúrò wa sì fẹ́ fi yẹ̀pẹ̀ dí ibi tí ó kàn wá, kí ó lè kọ́ yàrá méjì lé e lórí. Ó ti ní ìyàwó, ó ti bí ọmọ mẹ́rin, yàrá kan ṣoṣo sì ni gbogbo wọn ń sùn. Ó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wa kí a tó padà sí Kútọnù ní ọjọ́ kejì.

Àkàbà Ìdènà ni a kọ́kọ́ yà sí. Ẹnu-ọ̀nà ìlú ni, tí a fi amọ̀ mọ bí ilé: ilẹ̀kùn kan níwájú, òmíràn lẹ́yìn, àyè sì wà láàárín méjèèjì, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá gba ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ wọlé kò tíì wọ ìlú. La porte magique ni àwọn tí ń fi èdè Faransé kọ̀wé ń pè é. Ní 1996, ìjọba orílẹ̀-èdè Benin fi í sínú àkójọ àwọn ibi tí ó ń gbèrò láti gbé síwájú UNESCO. Àwọn ọmọ ya fọ́tò. Ìyá Àgbà bọ́ bàtà rẹ̀ kí ó tó kọjá.

Láti ibẹ̀ ni a ti dé etí yàrà. Àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún mẹ́jọ, bojú wo inú rẹ̀, ó ní, "Omi rẹ̀ dà?" A kò lè bá a wí. Ní Kútọnù tí a bí i sí, ohun tí ó mọ̀ ni ipa omi tí wọ́n gbẹ́ ní 1885 láti so adágún Nokoué mọ́ òkun, tí ó pín ìlú sí méjì. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín. Ó ní yàrà Kétu kò ní omi nítorí pé Kétu fúnra rẹ̀ kò ní omi. Orí òkè pẹrẹsẹ ni ìlú wa wà. Omi jìn nísàlẹ̀ ilẹ̀, kò sì sí odò ńlá nítòsí. Nígbà tí òun wà ní ọmọdébìnrin, bí àkùkọ bá kọ́kọ́ kọ ni wọ́n ń gbé ìkòkò jáde, oòrùn a sì ti ga kí wọ́n tó padà. Omi ni ó wọ́n, ilẹ̀ ni ó pọ̀. Ilẹ̀ ni àwọn bàbá wa gbẹ́, erùpẹ̀ tí wọ́n kó jáde ni wọ́n sì fi mọ odi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

A rìn tó wákàtí méjì. Ní ibì kan, yàrà náà ṣì jìn, igi ti hù nínú rẹ̀, ewúrẹ́ ń jẹ̀. Ní ibòmíràn, àlejò kò ní mọ̀ pé ó wà: ilé ti dúró lé e, ọ̀nà ti gba orí rẹ̀ kọjá, ààtàn ti kún un. Nígbà tí a dé ẹ̀yìnkùlé tiwa, ọ̀rá àti agolo láti inú ilé wa ni a bá níbẹ̀. A kò lè nawọ́ sí ẹnì kankan.

Ibẹ̀ ni àbúrò wa ti sọ tirẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Yàrà yìí kò gbà wá ní 1886. Kí ni ó kù tí a ń pa á mọ́ fún?"

Ọ̀rọ̀ náà wúwo, nítorí pé òtítọ́ ni. Ní 1886, ní ayé Ọba Glèlè, àwọn ọmọ-ogun Dàhọ̀mì dó ti Kétu. Yàrà àti odi tí ó dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọ̀tá náà ni ó sé àwọn ará ìlú mọ́lé pẹ̀lú ebi. Nígbà tí ìlú bọ́, wọ́n sọ ọ́ di ahoro, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìgbèkùn lọ sí ilẹ̀ Dàhọ̀mì. Ìyá tí ó bí bàbá Ìyá Àgbà wà lára wọn. Ọmọdé ni nígbà náà.

Ìyá Àgbà jókòó lórí gbòǹgbò igi. Ó ní ìyá náà máa ń sọ fún òun pé, nígbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhọ̀mì, tí a dá àwọn ìgbèkùn sílẹ̀, tí wọ́n sì padà wálé, igbó ni wọ́n bá. Kò sí òrùlé, kò sí ọjà. Àwọn tí ó kúrò ní ọmọdé kò mọ ibi tí ilé bàbá wọn wà. Yàrà ni wọ́n fi mọ ìlú. Wọ́n rìn ín yíká bí a ti ń rìn ín lónìí, àwọn àgbà sì ń ka agbolé láti etí rẹ̀ wọ inú. "Kò gbà wá lọ́wọ́ ogun, lóòótọ́," ni Ìyá Àgbà wí, "ṣùgbọ́n òun ni ó bá wa pa àyè wa mọ́."

Kò sí ẹni tí ó fèsì. Ó rọrùn fún àwa tí ń gbé Kútọnù láti ní kí a má dí yàrà. Kì í ṣe àwọn ọmọ tiwa ni ó ń fún ara wọn pọ̀ lórí ẹní kan. Nígbà náà ni a rántí yàrá méjì tí ó wà níwájú ilé, tí a fi kọ́kọ́rọ́ tì, tí a ń sùn sí fún ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún, tí ó sì ń ṣófo ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ó kù. Láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá ni a ti ń pè é ní tiwa. Ó pẹ́ kí a tó lè la ẹnu, ṣùgbọ́n a sọ ọ́: kí ó máa gbé inú rẹ̀, kí ó fi yàrà sílẹ̀.

Àbúrò wa kò gbà lójú ẹsẹ̀. Ó ní ilé tí a fún ènìyàn kì í ṣe ilé tí ènìyàn kọ́, kí a jẹ́ kí òun rò ó. Ní alẹ́, ó wá gba kọ́kọ́rọ́.

Ọmọbìnrin wa àgbà, tí ó ń kọ ohun tí a rí sínú ìwé rẹ̀ ní èdè Faransé, bi wá bí a ṣe ń kọ yàrà àti bí a ṣe ń kọ yàrá. A fi hàn án pé àmì kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n. Ó kọ méjèèjì sábẹ́ ara wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọkọ̀ tó dé, àbúrò wa àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti wà ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń ṣa ọ̀rá. Nígbà tí a bá tún dé Kétu, orí ẹní ní pálọ̀ ni a óò sùn.